Ọwọ́ Tí Àgbẹ̀ Kò Rí

Ọ̀nà méjì ni ìjọba máa ń gbà gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Èkíní ni owó orí. Akódà á wá sí ẹnu ọ̀nà, àgbẹ̀ á ka owó lé e lọ́wọ́, á gba rìsíìtì, inú á sì bí i. Èkejì ni iye tí ìjọba bá dá lé irè oko rẹ̀. Ìyẹn kò ní akódà, kò ní rìsíìtì. Owó ti kúrò níbẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, kò sì mọ̀ pé òun san nǹkan kan. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, láti 1947 títí dé 1969, ọ̀nà kejì yìí ni àwọn tó ń ṣèjọba fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́, òun ni wọ́n fi kọ́ ilé gogoro, òun náà ni wọ́n sì fi bọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Nígbà tí owó gbẹ lọ́nà kejì, wọ́n padà sí èkíní, ìbọn sì dún.

Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí. Lọ́nà Àkànrán, níbi tí ilẹ̀ Ìbàdàn ti ń lọ bá ti Ìjẹ̀bú, ni bàbá mi dá oko sí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìtàn ni mo sì kọ́ àwọn ọmọ jù. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́ ló lè dárúkọ ẹni tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí wọ́n sì lè fi ìka tọ́ka sí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè sọ ẹni tó san owó rẹ̀, tàbí bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kòkó kì í ṣe igi ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Èkó tí ọjà ti dẹnu kọlẹ̀ fún ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló lọ dá oko sí ìhà Agége, J. K. Coker sì ni aṣáájú wọn ní Ìfakọ̀. Àwọn tó wá gba iṣẹ́ lóko wọn ló gbé irúgbìn àti ìmọ̀ rẹ̀ padà lọ sí Ìbàdàn, Ifẹ̀, Oǹdó àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, UAC, John Holt àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ló ń rà á. Ní 1937 wọ́n panu pọ̀ lórí iye tí wọn yóò máa san. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, kọ̀ láti ta kòkó wọn fún wọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rán ìgbìmọ̀ William Nowell wá wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ariwo ọ̀rọ̀ náà kò tíì rọlẹ̀ tí Ogun Àgbáyé Kejì fi bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá sọ pé òun nìkan ni yóò máa ra gbogbo kòkó àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ogun parí ní 1945, ṣùgbọ́n wọn kò dá ọjà padà fún ẹnikẹ́ni. Ní 1947 wọ́n dá Bọ́ọ̀dù tí ń ta kòkó Nàìjíríà sílẹ̀.

Bí Bọ́ọ̀dù ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti yé èèyàn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra kòkó lọ́dún, Bọ́ọ̀dù á kéde iye tí tọ́ọ̀nù kan yóò jẹ́. Àwọn oníwèé-àṣẹ ni yóò máa rà á fún un. Bọ́ọ̀dù á tà á ní òkè òkun, á sì fi èrè pamọ́. Lọ́dún tí ọjà ayé bá já, á yọ nínú ohun tó fi pamọ́, kí ìyà má bàa jẹ àgbẹ̀. Èrò tó dára ni. Mo kọ́ ọ báyìí fún àwọn ọmọ, n kò sì sọ ọ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọdún burúkú tí wọ́n ń retí kò tètè dé. Kòkó ń wọ́n sí i ní ọjà ayé lẹ́yìn ogun. Nínú 1954, àwọn oṣù kan wà tí tọ́ọ̀nù kan ń tà ju £400 lọ ní London. Iye tí Bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ kò tó ìdajì ìyẹn. Lóòótọ́, owó ọkọ̀ ojú omi, owó àpò àti owó ẹrù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ ìdajì owó kòkó. Owó tó ń jáde fún ìjọba lẹ́nu ibodè àti èyí tí Bọ́ọ̀dù ń mú sílẹ̀ ló jẹ èyí tó pọ̀ jù. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti 1947 lọ, nǹkan bí ìdámẹ́ta ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ gbà ni kò dé ọwọ́ rẹ̀, lọ́dún mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ni èrè náà wà? Ó wà ní London, nínú ìwé gbèsè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ Àkànrán tí kò ní páànù lórí ilé ń yá ìjọba London lówó, kò sì mọ̀. P. T. Bauer, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé jáde ní 1954 pé irú Bọ́ọ̀dù wọ̀nyí ti di ọ̀nà láti gba owó orí lọ́wọ́ àgbẹ̀ láìpe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò rẹ̀ nípa ọjà kò bá tèmi mu, ṣùgbọ́n ó rí èyí kedere.

Ibi tí òṣèlú ti wọ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Action Group, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ló gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn ìdìbò 1951. Wọ́n ṣèlérí pé gbogbo ọmọ yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gba owó rẹ̀ ní gbangba: wọ́n fi owó ẹ̀kọ́ àti ìlera, tó lé díẹ̀ ní ṣílè mẹ́wàá, kún owó orí. Àwọn èèyàn fárígá. Nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní Oṣù Kejìlá 1954, NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ, ló borí Ọlọ́pẹ nílé Ọlọ́pẹ gan-an.

Ọdún 1954 yẹn kan náà ni wọ́n pín Bọ́ọ̀dù sí ẹkùn. Èyí tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú gbogbo èrè tó ti kó jọ lórí kòkó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣírò ti là á kalẹ̀ pé kí wọ́n fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún èrè pamọ́ de ọjọ́ tí ọjà bá já, kí ìdá 22.5 lọ sí ìdàgbàsókè, kí ìdá 7.5 lọ sí ìwádìí lórí irúgbìn àti àrùn kòkó. Ìjọba tí àwọn olùdìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ fìyà jẹ nítorí owó orí wá rí àpótí ńlá kan níwájú rẹ̀ tí kò ní akódà, tí kò ní ariwo. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti yí padà. Kò sí olóṣèlú kankan, nígbà náà tàbí nísinsìnyí, tó máa fi owó tí ẹnikẹ́ni kò rí sílẹ̀ láti gba èyí tí ń mú kí wọ́n lé òun.

Ní Oṣù Kínní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì wà nínú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ wa jẹ́ ti amọ̀, koríko ni wọ́n fi bò ó, a sì pọ̀ nínú kíláàsì débi pé àwọn kan ń jókòó sí orí ilẹ̀. Obìnrin ni mí. Ká ní owó ilé ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ni bàbá mi ìbá rán. N kò ní fi ohun tí mo rí gbà lọ́dún yẹn ṣe pààrọ̀ ohunkóhun. Bàbá mi ń yin ìjọba lọ́sàn-án lóru. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé òun ló ń san án, láti inú gbogbo àpò kòkó tó bá gbé sórí ìwọ̀n. Ká ní wọ́n sọ fún un, mo gbà pé yóò ṣì san án, ṣùgbọ́n yóò béèrè bí wọ́n ṣe ń ná ìyókù.

Ìyókù ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí. Àwọn iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń yìn wà nínú rẹ̀: ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ní 1959, pápá ìṣeré Liberty, yunifásítì Ifẹ̀, àti Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú náà ní ẹnu. Ọlọ́pẹ ní ọkọ̀, ó ní akọ̀wé tí ń gba owó oṣù káàkiri Nàìjíríà, ó sì fi hẹlikópítà polongo fún ìdìbò 1959. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá lábúlé kò lè san ìdá kékeré nínú ìyẹn. Ní 1958 wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ National Investment and Properties Company. Alfred Rewane, S. O. Shonibare, Akínọlá Májà àti S. O. Gbàdàmọ́sí, àwọn àgbà ẹgbẹ́, ni olùdarí rẹ̀. Bọ́ọ̀dù yá ilé iṣẹ́ yìí ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́ùn. Ilé iṣẹ́ náà ra ilẹ̀, ó kọ́ ilé, ó sì kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Owó àgbẹ̀ ni wọ́n fi ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Kò yẹ kí a dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lẹ́bi. Ní Ìlà-Oòrùn, ìgbìmọ̀ Foster-Sutton ti jókòó ní 1956 lórí owó ìjọba tó wọ African Continental Bank, báńkì tí Nnamdi Azikiwe, olórí ìjọba ibẹ̀, ní ọwọ́ nínú rẹ̀ tó sì ń gbé NCNC, ẹgbẹ́ rẹ̀, ró. Azikiwe pe ìdìbò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì borí. Ohun tí àwọn olóṣèlú yòókù rí kọ́ nínú ìyẹn kò dára.

Nínú abúlé, òṣèlú owó yìí ní ojú tiẹ̀. Ìwé-àṣẹ láti ra kòkó jẹ́ ohun tí ìjọba ń fún èèyàn, ìjọba náà sì mọ ẹni tó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ìwé-àṣẹ ló ní ìwọ̀n, ẹni tó bá ní ìwọ̀n ló sì ń sọ ohun tí àpò wúwo tó. Ẹnìkan wà tó ń ra kòkó ní abúlé wa tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ pé ìwọ̀n rẹ̀ kì í sọ òótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ló ń yá wọn lówó ní ìgbà òjò tí kòkó kò tíì gbó. Ta ni yóò sọ̀rọ̀? Àwọn tí ń yẹ kòkó wò tún wà. Bí o kò bá fi nǹkan sí wọn lọ́wọ́, kòkó tó gbẹ táútáú á di èyí tí kò gbẹ dáadáa, wọn á sì rẹ gíréèdì rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún burúkú wá dé. Láàárín 1954 sí 1962, iye tí Bọ́ọ̀dù ń san fún tọ́ọ̀nù kan já láti £200 wá sí nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Kòkó ti pọ̀ ní ọjà ayé. Ọjọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá Bọ́ọ̀dù sílẹ̀ nìyí, ọjọ́ tí ìdá 70 yẹn yẹ kó ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ lọ sí ibi àká tí wọ́n ní àwọn ń bá a tọ́jú iṣu sí, ó bá a lófìfo.

Ní ilé wa, èyí ni bí ó ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n mi ti yege láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò dé ibẹ̀. Owó ni wọ́n ń san. Bàbá mi fi apá kan oko dógò fún ẹni tó ń ra kòkó, pé tí kòkó bá ti jáde òun á gbà á padà. Kòkó jáde, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó gbèsè. Lọ́dún kejì bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tó fi oko dógò kò ní agbára láti ra Gamalin tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, nítorí náà irè èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ náà dínkù. Iyọ̀ kò já, kẹrosíìnì kò já, ẹja gbígbẹ kò já, owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn kò já. Ìyá mi, tí kì í tà ju ẹ̀fọ́ lọ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yan gààrí láti ìdájí. Ẹ̀gbọ́n mi kò parí ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n fi í ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Mo mọ àwọn ìdílé tí ìtàn wọn burú ju èyí lọ ní àyíká wa kan náà.

Ní Oṣù Karùn-ún 1962, ìjà bẹ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn láàárín àwọn ti Awólọ́wọ̀, olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, àti àwọn ti Akíntọ́lá, tó gba ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, ó fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí sípò alábòójútó, ó sì yan Adájọ́ G. B. A. Coker láti wádìí àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé Bọ́ọ̀dù, gbèsè báńkì ni ó fi ń mí. Ìgbìmọ̀ náà di ẹ̀bi ru Awólọ́wọ̀, ó sì dá Akíntọ́lá láre. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìgbà yẹn sọ pé àwọn ọ̀tá Awólọ́wọ̀ ní Èkó ló gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀, òótọ́ sì ni pé wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wá. Bí wọ́n ṣe dá ẹnìkan láre tí wọ́n sì dá ẹnìkejì lẹ́bi, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú ìjọba kan náà, kò tíì yé mi dòní. Ṣùgbọ́n ìwé owó kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Owó náà jáde láti Bọ́ọ̀dù, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Èmi tí ìjọba yẹn rán ní ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń sọ ọ́.

Akíntọ́lá tó gba àre kò fún àgbẹ̀ ní àre. Ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀, NNDP tí a ń pè ní Dẹ́mọ̀, ló wà lórí àga ní 1965. Lọ́dún ìdìbò yẹn gan-an ni owó kòkó tún já fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Wọ́n yí èsì ìdìbò Oṣù Kẹwàá lójú gbogbo ayé, Wẹ́tìẹ̀ sì bẹ́ sílẹ̀: wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé, sí ọkọ̀, sí ara èèyàn, wọ́n sì ń sọ iná sí i. Àwọn tí ń kọ ìtàn máa ń sọ pé ìbò tí wọ́n jí ló fa iná náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó jáde lábúlé ti gbé kòkó dé orí ìwọ̀n lọ́dún yẹn, wọ́n sì ti mọ ohun tí wọ́n gbà. Nígbà tó di 15 Oṣù Kínní 1966, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá.

Àwọn ológun kò tú Bọ́ọ̀dù ká. Èrè inú rẹ̀ ti kéré, ogun Biafra sì ń jẹ owó, nítorí náà ìjọba Ajagun Adéyínká Adébáyọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn yíjú sí ọ̀nà èkíní, owó orí. Èyí tí ẹni tó kéré jù ń san ti lé ní pọ́ùn mẹ́ta, wọ́n sì ń lẹ owó mìíràn mọ́ ọn. Akódà ń wọ abúlé ní òru. Wọ́n ń de àgbàlagbà níwájú ọmọ rẹ̀. Ní ìparí Oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ kóra jọ, wọ́n ya wọ Ìbàdàn, wọ́n sọ pé òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn lè san. Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Tàfá Adéoyè, àgbẹ̀ ìhà tiwa, ló wá di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ owó orí nìkan kọ́ ni wọ́n gbé wá. Wọ́n ní kí wọ́n mú àwọn tí ń yẹ kòkó wò kúrò, kí wọ́n tún ọ̀nà oko ṣe, kí wọ́n sì fi kún owó kòkó. Nínú ohun tí wọ́n béèrè, èèyàn lè ka gbogbo ọ̀nà tí owó ti ń gbà kúrò lọ́wọ́ wọn láti ogún ọdún.

Ẹ̀jẹ̀ ṣàn púpọ̀. Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní Oṣù Keje 1969. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Oṣù Kẹsàn-án, wọ́n tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé nítorí owó orí sílẹ̀. Sójà àti ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn tí ń lo àdá àti ìbọn ìṣọdẹ. Ní abúlé wa, a sá wọ inú oko kòkó, a sì sùn níbẹ̀. Awólọ́wọ̀, tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n lẹ́yìn ìjà 1962, tó ti jáde tó sì wà lórí àga ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Àkànrán láti bá Tàfá Adéoyè sọ̀rọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Wọ́n dín owó orí kù sí £2.

Wọ́n sọ Bọ́ọ̀dù di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1977. Ní 1986 ìjọba ológun Bàbáńgídá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nínú ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP. Kò sí ẹni tó pe àgbẹ̀ láti wá gba ohun tí wọ́n bá a fi pamọ́. Láti ìgbà náà, ọjà ayé ló ń sọ iye tí kòkó jẹ́, ó sì gun òkè ju £5,000 lọ fún tọ́ọ̀nù kan ní 2024. Àwọn tí ń ra kòkó ń wá bá àgbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, àwọn olóṣèlú náà sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó yẹ kí Nàìjíríà dá Bọ́ọ̀dù padà, kí àgbẹ̀ lè ní ààbò lọ́jọ́ tí ọjà bá já.

Ẹ̀yin aṣòfin, n kò lòdì sí i, ààbò dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé Bọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ yá ilé iṣẹ́ tí olóṣèlú kankan ní ọwọ́ nínú rẹ̀ ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó tí wọ́n fi pamọ́ fún ọdún burúkú, ìbáà ṣe fún ilé ẹ̀kọ́, àyàfi tí àwọn tó ni ín bá dìbò sí i. Kí ìdajì àwọn tó bá jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ń dá iye kòkó jẹ́ àgbẹ̀ tó ní oko. Kí wọ́n sì máa ka ìwé owó rẹ̀ lọ́dọọdún, ní èdè tí àgbẹ̀ gbọ́, ní Àkànrán, ní Ìdànrè, ní Ifẹ̀, lójú gbogbo ẹni tó bá gbé kòkó wá.